Angus, Hereford, Brahman, Simmental tàbí Brangus: ìwé ẹgbẹ́ wo ló yẹ màlúù yín ní Texas?

Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Houston tí wọ́n bá ti ra ilẹ̀ sí ìta ìlú, éékà mẹ́wàá lọ́nà Waller, ogún lọ́nà Brenham, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ màlúù tó délẹ̀. Owó orí ilẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Texas máa ń dín owó orí kù lórí ilẹ̀ oko, bí ilẹ̀ náà bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ọdún 5 nínú ọdún 7 tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ọmọ á ti ilé ìwé dé, á ní òun ti wọ FFA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, òun fẹ́ mú màlúù lọ sí ìdíje. Ìgbà yẹn ni fóònù á dún:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Ọkùnrin kan ní abo méjì tó fẹ́ tà. Ọ̀kan ní pépà, èkejì ò ní. Owó onípépà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Kí ni mo fẹ́ fi pépà ṣe?"

Ìbéèrè tèmi ni mo fi ń dá a lóhùn: ta lẹ fẹ́ ta ọmọ rẹ̀ fún? Bí a bá ti dáhùn ìyẹn, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú yan màlúù: awọ tó dán, ìdí tó yọ, àwọ̀ tó wu ìyàwó ilé. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán ni wọ́n ń gbọ́ pé ẹgbẹ́ tó ni ìwé ìran náà ní òfin tirẹ̀, òfin yìí ni wọn yóò sì máa bá yí níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń sìn ín. Èmi a máa ní kí ènìyàn wo ẹgbẹ́ kó tó wo ẹran.

Ta ni kò nílò ìwé rárá?

Ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìran kì í ṣe iléeṣẹ́ ìjọba. Àwọn olùsìn fúnra wọn ló kó ara wọn jọ tí wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ló ń fi owó wọn gbé e ró. Nínú ìwé náà ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà màlúù sí, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹni tó sìn ín àti ẹni tó ni ín lónìí. Oríkì màlúù ni, àmọ́ oríkì tí wọ́n lè fi DNA dán wò bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa kó ọmọ màlúù lọ sí ọjà gbàǹjo ni, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n sì san owó ohun tó wọ̀n, ìwé ìran kò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ̀dínwó owó orí ilẹ̀ náà kò béèrè rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé màlúù gbọ́dọ̀ ní ìwé Angus kí ẹran rẹ̀ tó lè gba òǹtẹ̀ Certified Angus Beef tí a ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Angus ló dá òǹtẹ̀ náà sílẹ̀ lóòótọ́, ní 1978, ṣùgbọ́n màlúù tó dé ilé ìpẹran ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ohun àkọ́kọ́ ni kí awọ rẹ̀ dúdú tó ìdá 51 nínú 100. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin mẹ́wàá wà lórí ẹran fúnra rẹ̀. Màlúù tí kò ní ìwé kankan lè yege, Simmental dúdú lè yege. Èyí tí iké rẹ̀ bá ga ju íǹṣì 2 lọ ni wọn kò ní gbà. Ẹ fi ti iké yìí sọ́kàn, a ó padà kàn án.

Ẹni tí ìwé wúlò fún ni ẹni tó fẹ́ ta akọ fún olùsìn mìíràn kó lọ fi gun agbo rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ta ọ̀dọ́ abo fún ìbísí, àti òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú ọ̀dọ́ abo wọ pápá ìdíje. Bí ẹ kò bá sí nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹ ra èyí tí kò ní pépà, kí ẹ fi owó tó kù tún ọgbà ṣe.

Márùn-ún tí a fẹ́ fi wéra

| Ìran | Ibi tí ìran náà ti wá | Ọdún tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà | Ohun tí ìwé ń béèrè |
|---|---|---|---|
| Hereford | Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì | 1881 | Ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé |
| Angus | Scotland | 1883 | Ìyá àti bàbá nínú ìwé, kí ọmọ sì dúdú |
| Brahman | Íńdíà, púpọ̀ gba Brazil wá | 1924, ní Houston gan-an | Ìyá àti bàbá nínú ìwé ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ |
| Brangus | Amẹ́ríkà | 1949 | Brahman 3/8, Angus 5/8 |
| Simmental | Switzerland | 1968 | Ìwé ṣíṣí. 7/8 ni wọ́n ń kà sí ojúlówó |

Mo yọ Santa Gertrudis sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Beefmaster àti Longhorn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Texas ni gbogbo wọn. Àwọn márùn-ún yìí ni wọ́n máa ń bi mí léèrè.

Ìwé títì àti ìwé ṣíṣí

Ibí ni ìyàtọ̀ gidi wà.

Ìwé Angus ti tì. Bí màlúù yín dúdú bí kóró iṣin, bí ìyá rẹ̀ kò bá ní nọ́ńbà, kò sí ọ̀nà. Ní 1873, George Grant kó akọ Angus mẹ́rin wá sí Kansas láti Scotland, kò sì kó abo tẹ̀ lé wọn, àwọn abo ìbílẹ̀ ni wọ́n gùn. Àwọn ènìyàn rí i pé ọmọ wọn kì í hù ìwo, òtútù kì í sì í rí wọn gbé ṣe. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olùsìn pàdé ní Chicago tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ Angus, ìyẹn ọmọ àdàlù, òun gan-an ni ìwé náà kò gbà wọlé.

Kódà kí ìyá àti bàbá ní ìwé, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Angus dúdú lè gbé àwọ̀ pupa pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí akọ àti abo bá jọ gbé e, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin lè jáde ní pupa. Láti 1917 ni ẹgbẹ́ Angus ti ti ilẹ̀kùn mọ́ pupa. Ní 1954 ni àwọn tó fẹ́ràn pupa dá ẹgbẹ́ Red Angus tiwọn sílẹ̀, ọmọ pupa tí Angus méjì tó ní ìwé bá bí sì lè rí ilé níbẹ̀. Nítorí náà, bí irú ẹ̀ bá bí sí ọgbà yín, ẹ má kánjú gbé e lọ sí gbàǹjo. Ìwo tún ń yọ màlúù kúrò nínú ìwé Angus, títí kan ìwo kékeré tó ń mì lórí awọ. Funfun tó bá kọjá ìdodo bọ̀ síwájú náà ń yọ ọ́. Ẹ wo abẹ́ ikùn ọmọ náà dáadáa kí ẹ tó sanwó ìforúkọsílẹ̀.

Hereford náà ti tì, àmọ́ wàhálà rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Henry Clay, olóṣèlú Kentucky nì, ló kó àkọ́kọ́ wá ní 1817. Oníwo ni gbogbo wọn látilẹ̀. Nígbà tó di 1901, Warren Gammon ní ìpínlẹ̀ Iowa kọ̀wé sí àwọn olùsìn káàkiri, ó ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní Hereford tó ní ìwé tí kò hù ìwo láti inú ìyá rẹ̀ wá. Díẹ̀ tó rí rà ló fi bẹ̀rẹ̀ ìran aláìníwo. Ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì parapọ̀ ní 1995. Lónìí, oníwo àti aláìníwo wà nínú ìwé kan ṣoṣo, ẹ lè fi ọ̀kan gun èkejì láìsí ìwé míì láti kọ.

Simmental ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ẹni tó bá ti ní abo àdàlù mẹ́fà lórí koríko, ọ̀nà tirẹ̀ nìyí, kò sì ní tà wọ́n. Ẹ fi akọ Simmental tó ní ìwé gùn wọ́n, ọmọ á jẹ́ 1/2 Simmental, ẹgbẹ́ á sì kọ 1/2 náà sílẹ̀. Ẹ tún fi Simmental míì gun 1/2, ọmọ rẹ̀ á jẹ́ 3/4. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, 7/8 dé, ojúlówó ni wọ́n á pè é. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọdún. Bí akọ bá gun abo yín ní ìgbà ìrúwé 2026, 1/2 á bí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2027. Bó bá jẹ́ abo, tó sì bímọ nígbà tó pé ọdún méjì, 3/4 á dé ní 2029, 7/8 ní 2031. Ìyẹn bí abo ni wọ́n bá ń bí léraléra, tí ìkankan kò sì kú. Kò yá, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta fullblood, ìyẹn ga ju 7/8 lọ: gbogbo bàbá ńlá àti ìyá ńlá rẹ̀ pátá ni wọ́n tọ́ka sí Yúróòpù.

Brangus ń dán ènìyàn wò. Wọ́n á ní Brahman àti Angus ni, ẹ̀yin náà á ní ṣebí kí n ra akọ Brahman kí n fi gun Angus mi. Ọmọ ìyẹn jẹ́ 1/2, kì í ṣe Brangus. Ẹ ní láti fi Brahman gun 1/2 náà kó di 3/4 Brahman, kí ẹ tó fi Angus gun 3/4 yẹn, ìgbà yẹn ni 3/8 Brahman àti 5/8 Angus yóò jáde. Ìpele kọ̀ọ̀kan ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí, láti orí Brahman àti Angus àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ìwé tiwọn. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ra Brangus tí ẹlòmíràn ti ṣe parí.

Brahman ni ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń pè ní màlúù Fúlàní. Kò jìnnà sí òtítọ́: iké, awọ tó fà sísàlẹ̀ ọrùn àti ìfaradà ooru ni méjèèjì fi jọra, bí èyí funfun tí à ń rí ní kárà nílé. Ṣùgbọ́n ìran Íńdíà ni wọ́n fi ṣe Brahman: Gir, Guzerat, Nelore àti Krishna Valley. Àwọn kan nínú akọ tó gbajúmọ̀ jù wá láti Brazil, wọ́n gba Mexico wọ Texas ní 1924 àti 1925, àkókò kan náà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Houston. J. W. Sartwelle, akọ̀wé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà, ló mú orúkọ Brahman wá.

Ooru, ojú àti etí

Láti Houston sísàlẹ̀ sí etíkun, ọ̀rinrin ló ń pa màlúù ju oòrùn lọ. Angus dúdú á dúró sínú adágún títí ilẹ̀ á fi ṣú, Brahman tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì máa jẹko. Awọ Brahman fẹ̀, ó ń làágùn ju ti àwọn tó wá láti Yúróòpù lọ, eégbọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Lápá àríwá Texas, níbi tí òtútù ti ń mú, ọ̀rọ̀ yí padà: Angus àti Hereford wà nílé wọn níbẹ̀.

Ohun tí Brahman máa gbà lọ́wọ́ yín ni àkókò. Ó máa ń pẹ́ kó tó balágà. Ọ̀dọ́ abo Angus tàbí Hereford lè bímọ ní ọdún méjì, Brahman sábà máa ń sún mọ́ mẹ́ta. Ọdún kan tí ẹ fi bọ́ ọ láìrí ọmọ, owó ni. Ọjà náà wà níbẹ̀. Ní gbàǹjo, etí gígùn àti iké ni àwọn oníbàárà ń kọ́kọ́ wò, wọ́n á sì yọ owó nítorí rẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé òǹtẹ̀ tó ń gbé owó wá kò ní gbà á. Ẹni tó sin Brahman láti máa ta ọmọ rẹ̀ fún ẹran pípa ń fi iṣẹ́ ṣeré.

Ibi tí owó Brahman wà ni F-1, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ tí ìran méjì jọ bí. Ẹ fi akọ Brahman gun abo Hereford, ọmọ á jáde ní ilà dúdú lórí pupa, tiger stripe ni wọ́n ń pè é níbí. Abo irú èyí ń lọ bí àkàrà láàárín àwọn olùsìn etíkun, nítorí pé ó ń bímọ dáadáa, wàrà rẹ̀ ń tó ọmọ, ó sì ń pẹ́ láyé. Kí F-1 tó lówó lórí, bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Brahman tó ní ìwé, ẹgbẹ́ Brahman sì máa ń fún F-1 bẹ́ẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Akọ yín ni wọ́n ń wá nígbà náà, bí ìwé rẹ̀ bá pé.

Hereford jẹ́jẹ́ ní ìwà, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé tó lọ́mọdé. Ojú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Funfun tó yí i ká kì í dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, jẹjẹrẹ ojú sì wọ́pọ̀ nínú ìran náà. Bí ẹ bá lọ rà, ẹ wá èyí tí àwọ̀ pupa yí ẹyinjú rẹ̀ ká.

Owó àti nọ́ńbà

Iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ń yí padà, orí ìkànnì wọn ni ẹ ti máa rí i. Bí wọ́n ṣe ń gbà á ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí, òun ló sì ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ Angus ń gba owó lórí ọmọ tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bí ọmọ náà bá sì ṣe ń dàgbà sí ni owó ń gòkè. Ẹ lè ní abo mẹ́wàá, kí ẹ fi orúkọ ọmọ mẹ́fà sílẹ̀, kí ẹ tẹ mẹ́rin tó kù lọ́dàá kí ẹ tà wọ́n. Hereford yàtọ̀. Orí abo ni wọ́n ń gba owó lọ́dọọdún, ó bímọ o, kò bímọ o, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn gbogbo ọmọ, èyí tó dára àtèyí tí kò dára. Simmental fi ọ̀nà méjèèjì síwájú yín kí ẹ mú ọ̀kan.

Owó orí abo máa ń bí àwọn ènìyàn wa nínú. Wọ́n á ní kí ló kàn wọ́n nínú abo tí kò bí. Àmọ́ ìdí rẹ̀ ṣe kedere. Bí olùsìn bá ń ròyìn kìkì ọmọ tó sanra, nọ́ńbà bàbá wọn á dára ju bó ṣe rí lọ. Nígbà tí ẹ bá tún ń sanwó lọ́dọọdún lórí abo tó ti fi ọdún méjì jókòó láìbí, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ìgbà tó yẹ kó wọ ọkọ̀.

Nọ́ńbà tí mo ń sọ náà ni EPD. Ó ń sọ bí ẹ ṣe lè retí kí ọmọ tí akọ kan bí yàtọ̀ sí ọmọ tí akọ mìíràn bí: ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n ń ṣírò sí ọjọ́ 205, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi EPD Angus wé ti Hereford lójú lásán, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ìkà wọn kò bára mu. Ibùdó ìwádìí ìjọba ní Clay Center, Nebraska, máa ń gbé àtẹ jáde tí wọ́n fi ń yí ọ̀kan sí èkejì. Ẹgbẹ́ Simmental wà nínú ìṣírò àpapọ̀ kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ míì, Red Angus wà lára wọn, nítorí náà ẹ lè fi nọ́ńbà àwọn tó wà nínú rẹ̀ wéra tààrà.

Ohun tí àwọn tó ń ta màlúù kì í sọ fún olùsìn kékeré nìyí: ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n fúnra yín kò lè sọ púpọ̀ bí ọmọ ọgbà yín kò bá ju méjì lọ. Ẹgbẹ́ ń fi ọmọ wé àwọn ojúgbà rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà lórí koríko kan náà. Ọmọ kan ṣoṣo kò ní ẹni tí wọ́n máa fi wé. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an sórí àyẹ̀wò DNA. Irun ìrù tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, ó sì máa ń mú kí nọ́ńbà ọmọ kékeré lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn náà ló ń fi àrùn àjogúnbá hàn. Láti 2008, nígbà tí wọ́n rí àrùn ọmọ tó ń bí ní kíká rọbọtọ nínú Angus, kò sí olùsìn Angus gidi tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ

Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá fún ìdíje kì í sábà nílò ìwé. Ọ̀dọ́ abo ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti Dádì, kì í ṣe orúkọ oko. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí orúkọ ọmọ. Ẹ ka òfin rẹ̀ kí ẹ tó ra ẹran, nítorí pé ìfẹ́ ọmọ kì í sún ọjọ́ náà síwájú. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka ọ̀dọ́, owó rẹ̀ kéré sí ti àgbà. Ẹni tó bá ń mú Brahman wọ pápá gbọ́dọ̀ máa bá a rìn lójoojúmọ́ láti kékeré. Bí wọ́n bá tọ́ ọ dáadáa, á máa tẹ̀ lé ọmọ bí ajá. Bí wọ́n bá pa á tì, kò sí ọmọ ọdún méjìlá tó lè dá a dúró.

Etí, lẹ́tà àti ọjọ́

Iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà, kó tó dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹ wọn ọmọ náà láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fífín nọ́ńbà rẹ̀ sínú etí. Ẹ fi sípíríìtì nu inú etí kí epo ara kúrò, ẹ wá àyè láàárín àwọn egungun rírọ̀ tó yọ nínú etí náà, ẹ fi yíǹkì aláwọ̀ ewé sí i, torí òun ló ń hàn lára etí dúdú. Ẹ tẹ ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fín in pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dúró, kí ẹ tún wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo yíǹkì wọ inú ihò. Kí ẹ tó fín etí, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀mú náà tẹ páálí wò. Bí nọ́ńbà bá yí sódì lórí páálí, á yí sódì lórí etí títí màlúù á fi kú.

Lẹ́tà ọdún ń bá nọ́ńbà rìn. 2024 ni M, 2025 ni N, 2026 ni P. Wọn kì í lo I, O, Q àti V, nítorí wọ́n máa ń dàrú mọ́ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà míì nínú etí. Ọmọ keje tí ọgbà yín bí ní 2026 lè jẹ́ 07P.

Ti Brahman ju etí lọ. Àmì irin lára awọ ni ẹgbẹ́ ń béèrè, àmì ọgbà yín àti nọ́ńbà màlúù náà. Ní Texas, irú àmì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórúkọ yín lọ́dọ̀ akọ̀wé kaúntì kí ẹ tó gbé irin síná. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn, Brahman kọ́ ni tiyín.

Bó bá jẹ́ AI ni wọ́n fi lóyún, ìyẹn kí ènìyàn fi àtọ̀ akọ sínú abo láìjẹ́ pé akọ gùn ún, ìgò àtọ̀ nìkan kò tó. Fún Angus, bí akọ náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí AI lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń ra àtọ̀. Ẹgbẹ́ á tún fi ọjọ́ tí abo gba àtọ̀ wé ọjọ́ ìbí: bí ọjọ́ 283 ni oyún Angus, ti Brahman sì ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ìbejì bá dé, tí ọ̀kan jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Abo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yàgàn, ẹni tó bá rà á fún ìbísí á padà wá kan ilẹ̀kùn yín.

Èwo ni màá yàn?

Fún ilé tó ní ọmọ tó fẹ́ lọ sí ìdíje, tí kò tíì sin màlúù rí, Hereford aláìníwo. Fún ẹni tó ti ní abo àdàlù tó dára, Simmental, kò sí ìjà níbẹ̀. Fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ Houston, tó ní àkókò, tó sì mọ ọgbà tó ń ṣe F-1 nítòsí, Brahman. Brangus ni mo máa ń mú fún ẹni tó wà nínú ooru yẹn náà, ṣùgbọ́n tó ń rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ òun á padà gba gbàǹjo lọ, torí ó dúdú, kì í hù ìwo, etí rẹ̀ kò sì fa owó sílẹ̀ tó ti Brahman.

Angus ni oníbàárà rẹ̀ pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sáré dábàá rẹ̀ fún olùsìn kékeré. Ẹni tó ń wá akọ Angus lè lọ sí ọgbà tó ń ta ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan. Kí ló máa gbé e wá sí ọgbà éékà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yín? Bí ẹ bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, bóyá aládùúgbò méjì tó ti ṣèlérí pé àwọn á máa rà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ ra Angus.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ rà

Ẹ gbé ìwé náà dání, kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà yí etí ẹran náà sójú ìmọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú etí àti ohun tó wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ ẹni tó ni ín lórí ìwé. Bí kò bá jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín, òun náà kò tíì gba ìwé sórúkọ ara rẹ̀, kò sì lè yí i sí tiyín. Ẹni tó ń tà ló sábà máa ń fi ìwé ìyípadà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, ẹ̀yin á fún un ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ yín. Bó bá ní ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú owó náà máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ abo olóyún ni, ẹ rí i pé ó kọ orúkọ akọ tó gùn ún, nọ́ńbà akọ náà àti ọjọ́ tó gùn ún sórí ìwé ìyípadà náà. Bí akọ bá wà pẹ̀lú wọn lórí koríko ni, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde ni kó kọ. Láìsí ìyẹn, abo yín á ní ìwé, ṣùgbọ́n ẹ ó máa wá ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kiri nígbà tí ọmọ inú rẹ̀ bá dé.